Ẹni Tó Júwe Igbó Fún Ngaire

Ọdẹ kì í júwe ibi tó ti ń rí ẹran fún àlejò. Láti ìgbà tí Ngaire ti wà ní ọmọdébìnrin ló ti mọ èyí. Ọdẹ ni bàbá rẹ̀, bí ẹnikẹ́ni bá sì bi í pé níbo ló ti yìnbọn fún àgbọ̀nrín tó gbé wálé, èsì rẹ̀ kò ju "Ní ọrùn ni" lọ. Ìdí nìyí tí ara fi fu Ngaire lọ́jọ́ Tọ́sìdeè tí ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí dúró níwájú káńtà ilé búrẹ́dì tó ti ń ṣiṣẹ́, tó ní òun gbọ́ pé ó ń wá igbó tó ti máa ṣọdẹ.

Lóòótọ́ ló ń wá a, ó ti lé ní oṣù mẹ́ta. Bàbá rẹ̀ ti kú, ó fi ìbọn sílẹ̀ fún un, òun náà sì ti ṣe ìdánwò, ó ti gbàwé àṣẹ ìbọn. Lọ́dún Àjíǹde, gbogbo ẹbí máa péjọ láti ṣí aṣọ lójú òkúta ibojì bàbá náà, Ngaire sì ti pinnu pé ẹran àgbọ̀nrín ló máa wà lórí tábìlì, kó sì jẹ́ ọwọ́ òun ló pa á. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ta oko tí bàbá rẹ̀ ti ṣọdẹ fún ogójì ọdún, ẹni tó rà á sì ti fi kọ́kọ́rọ́ ti géètì. Igbó ìjọba nìkan ló kù, níbi tí ẹnikẹ́ni tó bá ti gbàwé ti lè wọlé. Èyí pàápàá kò rọrùn. Àkọ́kọ́ tó rí, oko olóko ló yí i ká, kò sí ọ̀nà tí òfin gbà kéèyàn gbà débẹ̀. Ìkejì, wọ́n ti tì í nítorí àwọn ẹyẹ tó ń yéyin níbẹ̀. Nígbà tó dé ìkẹta, ọkọ̀ mẹ́rin ti wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn tó ni wọ́n sì ń wò ó bí ẹni tó wá jalè.

Tame, àbúrò bàbá rẹ̀, sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. "Ngaire, inú fíríìjì mi ni kó o kúkú wá yìnbọn sí. Ilẹ̀ ìjọba nìyẹn náà, gbogbo ẹbí ló ń wọ̀ ọ́."

Ọkùnrin ọjọ́ Tọ́sìdeè yìí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Ìdajì irun ojú òsì rẹ̀ funfun bí òwú. Òjò ń ya lulẹ̀ níta, gbogbo oníbàárà tó wọlé ni omi ń kán nímú wọn, ṣùgbọ́n èjìká tirẹ̀ gbẹ táútáú. Ó ra páì ẹran, kò fọwọ́ kàn án. Ó wo àwòrán ilẹ̀ tó wà lójú fóònù Ngaire, ó sì na ìka sí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lókè odò Korari, tí Ngaire ti fojú fò dá lọ́pọ̀ ìgbà.

"Ilẹ̀ gbogbo ayé ni," ló wí jẹ́jẹ́. "Láàárọ̀ Sátidé ni kẹ́ ẹ lọ. Ẹ jókòó sí apá òkè pápá ibẹ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí ìsàlẹ̀."

Ngaire bi í pé kí ló dé tí òun fúnra rẹ̀ kò lọ.

"Èmi ti rí tèmi níbẹ̀," ló wí, ó sì jáde sínú òjò.

Kò tẹ́ Ngaire lọ́rùn. Lọ́jọ́ Fúráìdè, ó pe ọ́fíìsì ìjọba tó ń bójú tó igbó, bóyá òfin kò gbà á. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Lorna ló gbé e. Ó ní kò sí wàhálà lórí ilẹ̀ náà, ìwé àṣẹ Ngaire tó o wọ̀, kò sì sí ẹni tó lè dí i lọ́nà. Lẹ́yìn náà ló bi í ní ìbéèrè kan.

"Ta ló júwe ibẹ̀ fún yín?"

Ngaire ní oníbàárà kan ni.

"Ẹ wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn, kí ọdẹ mìíràn lè rí yín," ni Lorna wí. "Ẹ sì wò ó dáadáa kẹ́ ẹ tó yìn."

Nígbà tí ilẹ̀ Sátidé mọ́, Ngaire ti wà nínú igbó náà. Ó wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn yòò. Ohun tó kọ́kọ́ kíyè sí ni pé kò gbọ́ ohùn ẹyẹ kan, bẹ́ẹ̀ àwọn ẹyẹ agbègbè wọn kì í jẹ́ kéèyàn gbádùn láàárọ̀. Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ náà rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ojú ẹsẹ̀ lórí rẹ̀, ti ènìyàn tàbí ti ẹran. Ó jókòó sí apá òkè pápá bí ọkùnrin náà ṣe wí, inú rẹ̀ kò sì dùn pé òun ń ṣe ohun tí wọ́n ní kí òun ṣe.

Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, àgbọ̀nrín ńlá kan wà ní ìsàlẹ̀ pápá. Kò rí i nígbà tó jáde. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, ó kọjú sí i, ìwo rẹ̀ fẹ̀ bí ẹ̀ka igi.

Ó gbé ìbọn sí èjìká. Àyà ẹran náà wà gẹ́lẹ́ láàárín awò ìbọn, ìka rẹ̀ sì ti kan ohun tó máa fà. Ó ti ń rí tábìlì ọjọ́ Àjíǹde lọ́kàn. Ṣùgbọ́n atẹ́gùn ń fẹ́ láti ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó ń gbé òórùn rẹ̀ lọ bá àgbọ̀nrín náà tààrà, ẹran náà kò sì sá. Òtútù mú débi pé èémí Ngaire ń jáde bí èéfín. Imú àgbọ̀nrín náà kò mú èéfín kankan jáde. Etí rẹ̀ kò mì. Ó dúró bí ohun tí wọ́n gbé síbẹ̀ dè é.

Ngaire sọ ìbọn kalẹ̀ díẹ̀, ó gbé awò olójú méjì, ó tún wò. Àgbọ̀nrín ṣì ni. Ìgbà náà ló ṣe ohun tí ọdẹ kan kì í ṣe. Ó la ẹnu.

"Ta nìyẹn?"

Bí ìgbà tí oorun dá lójú ènìyàn ló rí. Ọkùnrin kan ló kúnlẹ̀ síbi tí ẹran wà, pẹ̀lú ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn lọ́rùn, ẹnu ìbọn rẹ̀ sì kọjú sí Ngaire gan-an.

"Ṣé ènìyàn ni yín?" ni ọkùnrin náà bi í. "Àgbọ̀nrín ni mò ń wò láti àárọ̀."

Ngaire dáhùn pé ènìyàn ni òun. Wọ́n dìde, wọ́n ń sún mọ́ra wọn, títí ó fi ku bí ogún ìṣísẹ̀. Ìgbà yẹn ni Ngaire rí ojú rẹ̀. Ìdajì irun ojú òsì rẹ̀ funfun bí òwú. Kò mọ ìgbà tí ìbọn padà sí èjìká rẹ̀. Àmọ́ ọkùnrin náà ti rí ojú tirẹ̀, ó sì ti gbé ìbọn sókè pẹ̀lú.

"Ìwọ lo rán mi wá síbí," ni ọkùnrin náà wí.

"Irọ́ ni. Ìwọ lo wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù."

Ọkùnrin náà búra pé òun kò dé ìlú Ngaire rí. Gregor ni òun ń jẹ́, iṣẹ́ ká máa ṣe ọgbà yí oko ká ni òun ń ṣe ní Murchison, ọdún yìí sì ni òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìbọn. Láàárọ̀ Tọ́sìdeè, nínú òjò, obìnrin yìí gan-an la pápá kọjá wá bá òun, ìyẹ̀fun wà lára épúrọ́ọ̀nù rẹ̀, ó ní kí òun jókòó sí apá ìsàlẹ̀, kí òun kọjú sí òkè.

"Òjò kò pa ọ́," ni Gregor wí. "Ohun tó ń dẹ́rù bà mí láti ọjọ́ yẹn nìyẹn. Òjò kò pa ọ́ rárá."

Ngaire kò tíì sọ ọ̀rọ̀ èjìká gbígbẹ fún ẹnikẹ́ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló mú un gbàgbọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbàgbọ́ tán. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó yọ ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ìbọn, ó tò wọ́n sórí koríko níbi tí Gregor ti lè rí wọn. Gregor wò ó pẹ́ kó tó yọ tirẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà jáde kò gba ju ẹnì kan lọ, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó gbà láti ṣáájú. Ẹ̀gbẹ́ ara wọn ni wọ́n rìn, ẹ̀ka igi ń ya wọ́n lápá, títí wọ́n fi dé ìdí ọkọ̀.

Wọ́n wakọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba lọ́jọ́ náà. Lorna, obìnrin arúgbó tó ku díẹ̀ kó fẹ̀yìn tì, jẹ́ kí wọ́n sọ tẹnu wọn tán. Kò yà á lẹ́nu. Ohun kan péré ló bi wọ́n, pé ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ngaire ní òun ni.

"Ẹ̀yin ni ẹni àkọ́kọ́ tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀ rí," ni Lorna wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ọdẹ tuntun méjì méjì ni. Nígbà kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan ló jáde. Á ní àgbọ̀nrín lòun yìn. Lẹ́yìn náà, á ní òkú tó wà nílẹ̀ yẹn ló júwe ibẹ̀ fún òun."

Gregor bi í pé kí ni àwọn ọlọ́pàá sọ.

"Kí ni wọ́n máa sọ? Wọ́n ní ó ti mọ ẹni tó kú náà tẹ́lẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ pa á. Ọ̀kan ṣì wà lẹ́wọ̀n. Ìyá rẹ̀ máa ń wá síbí."

Ngaire ní kí ló dé tí wọn kò ti igbó náà. Lorna ní kí ni kí wọ́n kọ sára pátákó. Ó ní òun ti wá ìwé ilẹ̀ náà dé ìbẹ̀rẹ̀, òun kò rí ìjà, òun kò rí ẹ̀jẹ̀, òun kò rí ibojì. Igbó lásán ni.

Lọ́dún Àjíǹde, ẹran àgùntàn ni wọ́n jẹ. Tame ṣe yẹ̀yẹ́ títí, Ngaire sì bu ẹran sí abọ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, fóònù rẹ̀ dún ní ọ̀sán, nọ́ńbà tí kò mọ̀. Ohùn Gregor ni. Ó kí i dáadáa, ó ní òun ti rí igbó ìjọba mìíràn, tí kò ní wàhálà, tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀, ó ní kó wá láàárọ̀ Sátidé.

Ọkàn Ngaire fà sí i. Síbẹ̀, ó ní kó kọ́kọ́ sọ orúkọ rẹ̀ fún òun.

Ohùn náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Èmi ni," ló wí.

Ngaire dúró kó fi orúkọ kún un. Kò fi orúkọ kankan kún un, Ngaire sì mọ̀ pé kì í ṣe Gregor.