Ẹ̀rọ Ìkàwé Yínúsà àti Máàpù Tó Di Bébà Ẹ̀pà

Ní ọdún 2009, ẹni tó bá gba Lotto kọjá ní Mòwé nírọ̀lẹ́ á bá Mùnírátù níwájú ilé, níbi tó ti ń yan ẹ̀pà. Yínúsà ọkọ rẹ̀, oníṣẹ́ wẹ́dà, á jókòó tì í pẹ̀lú ẹ̀rọ ìkàwé pẹlẹbẹ kan lọ́wọ́. Ó ti lé lógójì ọdún, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò GCE. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

"Gbogbo ìwé mi ló wà nínú nǹkan yìí," ó wí. "Mùnírátù, máa fi àwọn tí wọ́n jẹ́ bébà yẹn di ẹ̀pà ẹ."

Bébà ọ̀fẹ́ kẹ̀! Kíá, Mùnírátù ti bẹ̀rẹ̀ sí í ya ìwé Jọ́gíráfì.

Ìbíwùnmí, olùkọ́ tó ń gbé òdìkejì ọ̀nà, wá ra ẹ̀pà. Máàpù Nàìjíríà ni wọ́n fi dì í fún un.

"Ìyá Sàhéèdì, ta ló ni ìwé yìí?"

"Ti bàbá wọn ni, Àǹtí. Wọ́n ní ẹ̀rọ ti gbapò ẹ̀."

Ìbíwùnmí gba ẹ̀rọ náà, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú oríire, sà. Ó dáa gan-an! Ó fúyẹ́, kì í jẹ́ kójú ro èèyàn bíi ti kọ̀ǹpútà."

"Àlìhámúdùlílàhì! Mo ń mú kí lẹ́tà ẹ̀ tóbi, mi ò wá awò mọ́. Tí mo bá ṣáàjì ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ń lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ. Iná ì báà má wá!"

Ká sòótọ́, ẹ̀rọ náà wú èmi tí mò ń sọ̀tàn yìí náà lórí.

"Ẹ bá mi ṣí máàpù yìí nínú ẹ̀," Ìbíwùnmí wí.

Yínúsà ṣí i. Gbogbo àwọ̀ ti di eérú, orúkọ ìlú sì kéré bí ẹsẹ̀ èèrà. Nígbà tó fẹ̀ ẹ́, kò rí ibi tí odò Ọya ti pàdé Bẹ́núè mọ́.

"Irú ẹ̀rọ yìí, bó ṣe máa ń rí nìyẹn," olùkọ́ wí. "Kò níná tiẹ̀, ẹ ṣì máa tan àtùpà. Bó bá sì já bọ́, tí ojú ẹ̀ fọ́, ta ló máa tún un ṣe ní Mòwé níbí? Gbogbo ìwé yín lọ nìyẹn."

"Yé! Mùnírátù, dáwọ́ dúró!"

"Bàbá Sàhéèdì, ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní kí n máa ya á?" Ṣùgbọ́n ó ti kó ìwé tó kù sórí itan, ó ń fi ìró nu ún. Àánú ọkọ rẹ̀ ṣe é.

Ojú ìwé mẹ́fà ti bá àwọn èrò ọkọ̀ tó ra ẹ̀pà lọ. Ìbíwùnmí yá wọn ìwé tirẹ̀, wọ́n lọ ṣe fótókópì àwọn ojú ìwé yẹn. Ẹ̀rọ ni Yínúsà fi ka ọ̀rọ̀, bébà ló fi kọ́ máàpù. Ó yege, Mùnírátù sì sunkún ayọ̀.

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Mòwé, Ìbafò àti Ìfọ̀, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀rọ ìkàwé. Ohun iyì ni, pàápàá fún ẹni tójú ń dùn. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí wọ́n tan án, kẹ́ ẹ ṣí ojú ìwé tó ní àwòrán wò. Ẹ béèrè ẹni tó ń tún un ṣe. Bẹ́ ẹ bá sì ti rà á, ẹ má kó ìwé yín fún ẹlẹ́pà, ìyàwó yín ì báà jẹ́ ẹlẹ́pà ọ̀hún.