Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Kú Lójú Ibú Erinlẹ̀

Inú ìkùukùu ni Mọ́ríátù ti kọ́kọ́ rí i. Ohùn ẹ́ńjìnnì ló kọ́kọ́ dé etí odò, lẹ́yìn náà ni orí ènìyàn kan yọ lókè omi, tí a kò rí ọkọ̀, tí a kò rí àjẹ̀, àfi orí àti èjìká tó ń bọ̀. Mọ́ríátù ti gbé garawa epo rẹ̀ láti sá. Ọmọ Ìfọ́n ni, kò mọ̀ pé ẹnìkan ti gbé ẹ́ńjìnnì dé orí odò Erinlẹ̀.

"Má sá lọ, ènìyàn ni mí," ni ọkùnrin náà wí. "Sàlàkọ́ ni mí, ọmọ Ìlobù. Níbo lò ń lọ?"

"Òdìkejì odò ni, bọ̀ọ̀dá. Mo fẹ́ lọ ra epo pupa lọ́wọ́ àwọn ará oko, kí n wá tà á nílé."

Òyìnbó kan tó wá wọn odò ló ta ẹ́ńjìnnì náà fún Sàlàkọ́ nígbà tó ń padà sílùú rẹ̀. Ó ti gbó, ṣùgbọ́n ó ń ké dáadáa. Bí wọ́n ṣe ń lọ ni pẹtiróòlù ta jáde láti ihò kékeré kan lórí ọmọrí táńkì, ó sì bà sára àdìrẹ tuntun tí Mọ́ríátù ró. Ojú ti Sàlàkọ́ débi pé kò lè wò ó.

"Kí ni oríkì rẹ, kí n fi bẹ̀ ọ́?"

"Ẹ fọ aṣọ mi ná, kí ẹ tó gbọ́ oríkì."

Sàlàkọ́ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó gúnlẹ̀, Mọ́ríátù ti sọ fún un pé Àwẹ̀ró ni oríkì òun.

Láti ọjọ́ náà ni Sàlàkọ́ ti ń dúró dè é létí odò. Bí Mọ́ríátù bá ti jókòó tán, Sàlàkọ́ a nawọ́ sórí táńkì, a yí nǹkan kékeré kan níbẹ̀, kó tó fa okùn ẹ́ńjìnnì. Mọ́ríátù rò pé bí iṣẹ́ ọkọ̀ ṣe rí nìyẹn.

Ìgbà kejì tí wọ́n jọ lọ ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé ojú ibú, níbi tí omi ti dúdú tí àwọn igi etí odò ti fẹ́ fara kanra, ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀. Agbára rẹ̀ ń tán díẹ̀díẹ̀, ó wúkọ́ bí ẹni tí wọ́n fún lọ́rùn, ó sì kú. Gbogbo odò dákẹ́. Ẹyẹ kì í ké níbẹ̀. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí yí lọ fúnra rẹ̀ síbi tó jìn jùlọ. Nígbà tí Sàlàkọ́ ṣí táńkì láti wò bóyá pẹtiróòlù ti tán, Mọ́ríátù gbọ́ tí nǹkan kan mí kanlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èémí gígùn kan, bí ti arúgbó obìnrin. Pẹtiróòlù ò tán. Sàlàkọ́ dé e padà, ó fa okùn, ẹ́ńjìnnì jí, wọ́n sì fi ìbẹ̀rù gúnlẹ̀. Bó ṣe di ti gbogbo ìgbà nìyẹn.

Sàlàkọ́ pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fi aṣọ sẹ́ pẹtiróòlù, bóyá omi ló wọ inú rẹ̀. Ó tú kábúrétọ̀, ó fọ̀ ọ́, ó gé koríko tó lọ́ mọ́ abẹ̀bẹ̀ ìdí ẹ́ńjìnnì. Lọ́jọ́ tó bá kó iṣu tàbí àwọn ará oko, ẹ́ńjìnnì a sáré dé òdìkejì láìdúró. Bí Mọ́ríátù bá ti wọ ọkọ̀, ó di kíkú. Ohun tó ń bà wọ́n lẹ́rù gan-an nìyẹn.

Ẹnu ayé lẹbọ. Wọ́n ní odò wo ọmọ Ìfọ́n náà dáadáa lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì kọ̀ ọ́. Nígbà tí àwọn àgbà ilé Sàlàkọ́ wá tọrọ Mọ́ríátù, Bàbá Yésúfù, baba rẹ̀, tí kò gbàgbé ilẹ̀ tí Ìlobù àti Ìfọ́n ń jà lé lórí, ti rí ohun tó máa sọ.

"Ẹ̀yin lẹ ni Erinlẹ̀," ló wí fún wọn. "Bí odò yín bá ní òun ò fẹ́ ọmọ mi, ta ni èmi tí n ó máa bẹ̀ ẹ́? Lọ́jọ́ Jímọ́ tó ń bọ̀, èmi àti ọmọ mi la jọ máa wọ ọkọ̀ yẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ mi ò ní bómi lọ nítorí ọkọ."

Ọkàn Mọ́ríátù bàjẹ́. Ìfẹ́ Sàlàkọ́ ti wọ̀ ọ́ lẹ́gungun, bẹ́ẹ̀ ló ti gbà pé òun gan-an ni odò ń bínú sí.

Ìkùukùu bo odò lọ́jọ́ Jímọ́ náà. Bàbá Yésúfù jókòó síwájú, ó ń ka Fátíhà sábẹ́ ahọ́n. Sàlàkọ́ nawọ́ sórí táńkì, ó yí nǹkan kékeré náà, ó fa okùn. Wọ́n ń lọ dáadáa títí wọ́n fi kan ojú ibú. Ohùn ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀. Ó wúkọ́, ó kú.

"Mo ti gbọ́," ni Bàbá wí jẹ́jẹ́.

Nǹkan kan kan ìdí ọkọ̀ láti ìsàlẹ̀ omi, ó sì dákẹ́. Sàlàkọ́ ṣí táńkì, èémí gígùn yẹn sì tún wá.

Ẹ̀rù ba Mọ́ríátù, ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí, etí ẹni tó ń ta epo ló fi gbọ́ ọ. Ó mọ èémí yẹn. Bí èèyàn bá lu ihò kan ṣoṣo sí garawa epo, epo a dà díẹ̀, a sì há. Ìgbà tó bá lu ihò kejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé ni garawa a mí kanlẹ̀, tí epo a wá máa ṣàn.

"Bọ̀ọ̀dá, kí lẹ máa ń yí lórí táńkì yẹn?"

"Ìdérí ihò kékeré ibẹ̀ ni."

"Ṣé ẹ máa ń yí i bí ẹ bá gbé àwọn ará oko?"

"Rárá. Ìwọ nìkan ni mo máa ń dí i fún, kí pẹtiróòlù má tún ta sí ọ láṣọ."

"Ẹ ṣí i sílẹ̀. Ẹ ò jẹ́ kó mí."

Ó ṣí i, ó fa okùn. Ẹ́ńjìnnì ké, kò sì rẹlẹ̀ mọ́ títí wọ́n fi gúnlẹ̀. Ní ti ohun tó kan ìdí ọkọ̀, ẹ má bi mí o, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n títí di òní.

Bàbá Yésúfù sọ̀kalẹ̀, ó kọjú sí Sàlàkọ́. "Nítorí aṣọ lo ṣe fẹ́ pa wá?"

Sàlàkọ́ dọ̀bálẹ̀ sínú ẹrọ̀fọ̀. "Ẹ dárí jì mí, bàbá. N kò mọ̀ ni."

Bàbá wò ó títí. "Èmi tí mo bí i, n kò ṣìkẹ́ aṣọ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Sọ fún àwọn èèyàn rẹ kí wọ́n padà wá." Ó ti ń gòkè lọ kó tó yíjú padà. "Ṣùgbọ́n ilẹ̀ yẹn, tiwa ni."

Àwọn méjèèjì nìkan ló kù létí omi. Mọ́ríátù ò rẹ́rìn-ín.

"Àwẹ̀ró, o gbọ́ ohun tí bàbá wí. Kí ló tún kù?"

"Bọ̀ọ̀dá, mo wá síbí ní ìrọ̀lẹ́ àná. Ọlọ́run ni mo ní mò ń bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n odò ni mo kọjú sí. Mo ní bó bá jẹ́ pé ó máa mú ẹnìkan nínú wa, kó mú mi, kó jẹ́ kẹ́ ẹ délé."

Sàlàkọ́ wo ojú omi, ó tún wò ó.

"Àárọ̀ àná lèmi wá," ló wí. "Èmi náà ní kó mú mi, kó jẹ́ kí o délé."

Ara Mọ́ríátù bù máṣọ. Ó sún mọ́ ọn, ó sì fi ọwọ́ rẹ̀ sínú tirẹ̀. Lẹ́yìn ìkórè ọdún náà ni wọ́n so yìgì wọn, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí wọ́n bá odò sọ, kò sí ìkankan nínú wọn tó gbà á padà.