Ọkùnrin Tí Kò Fẹ́ Ju Korobá Sílẹ̀

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa fi hẹlikópítà gbé omi lọ pa iná igbó. Korobá ńlá kan ló máa ń rọ̀ sábẹ́ hẹlikópítà náà lórí wáyà gígùn. Yóò ri korobá yìí sínú adágún, yóò fà á sókè, yóò gbé e lọ síbi tí iná ti ń jó, yóò sì da omi náà lé e lórí. Iṣẹ́ ọkàn líle ni. Ẹni tí ojora bá ń mú kò lè ṣe é.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é ní Àṣá, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Kò sí ẹni tó ń jẹun pẹ̀lú wọn tí kò tíì fi ṣẹ̀sín.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tẹ̀lé e dé yàrá tó ń sùn. Bẹ́ẹ̀dì kan, àga kan, ife kan. Àga náà dojú kọ fèrèsé, fèrèsé sì dojú kọ ògiri. Ìyàwó rẹ̀ ti mú ọmọbìnrin wọn lọ sílé ìyá rẹ̀. Kì í ṣe pé ó lù ú. Kì í ṣe pé ó ní obìnrin níta. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin yìí kò lè sọ pé, "Má bínú." Ọ̀rọ̀ kékeré ni, àbí? Ó há a lọ́fun bí egungun ẹja. Ìyàwó rẹ̀ retí rẹ̀ títí, ó sú u, ó lọ.

Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á bọ́ bàtà, á jókòó, á máa wo fóònù tí kò dún. Bó bá fẹ́ gbọ́ ohùn ènìyàn, á tan rédíò, á sì tún pa á, nítorí ó dà bíi pé gbogbo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀ ló mọra wọn, tí òun nìkan jẹ́ àlejò.

Nísinsìnyí, mo fẹ́ kí ẹ mọ ohun kan nípa iṣẹ́ wọn, kí ọ̀rọ̀ tó ń bọ̀ lè yé yín. Kí hẹlikópítà tó gbéra láàárọ̀, a gbọ́dọ̀ dán ìkọ́ tó di korobá mú wò. Ìdí ni pé bí korobá bá há síbì kan, awakọ̀ gbọ́dọ̀ lè tú u dànù, kó má bàa fa òun náà lọ sísàlẹ̀. Bọ́tìnì kan wà fún un nítòsí àtàǹpàkò, iná mànàmáná ló fi ń ṣiṣẹ́. Irin kan sì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìjókòó, nísàlẹ̀, tí a ń fi ọwọ́ fà bí bọ́tìnì bá kọ̀. Méjèèjì ni à ń dán wò.

Àṣá kì í dán ìkankan wò mọ́. "Ṣé mi ò fò lánàá ni?" Báyìí ló máa ń dá òṣìṣẹ́ tó ń so korobá lóhùn, á sì ti lọ.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà níbẹ̀ tí òun náà jẹ́ awakọ̀, ó kéré sí i lọ́jọ́ orí, onígbàgbọ́ ni. Nígbà kan, korobá ti ẹni yìí há sábẹ́ omi. Kò wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹ bọ́tìnì, korobá rì, ó sì fò padà wálé lófo. Láti ọjọ́ náà ni Àṣá ti sọ ọ́ ní Ajukorobá.

"Ajukorobá!" á pariwo láti ìkángun tábìlì nígbà oúnjẹ. "Ṣé o ti gbúròó korobá ẹ? Mo gbọ́ pé àwọn ẹja ti fi ń wẹ̀."

Ọ̀rẹ́ náà á rẹ́rìn-ín. "Kí wọ́n máa wẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n. Èmi ni mi ò bá wọn wẹ̀."

Lọ́jọ́ kan, ó tẹ̀lé Àṣá jáde. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ká ní ẹ ò padà wálé lónìí, níbo lẹ ń lọ?"

"Ojú ọ̀run ni ọ́fíìsì mi," Àṣá dáhùn. "Wọ́n mọ̀ mí níbẹ̀."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí. "Wọn ò mọ̀ yín, ẹ̀gbọ́n. Jésù ló lè mú yín wọlé, ẹ ò sì tíì bá a sọ̀rọ̀ rí."

Àṣá pòṣé, ó lọ.

Kò pẹ́ sígbà náà ni ọ̀gbẹlẹ̀ mú gan-an. Iná ń jó lórí òkè, adágún sì ti fà débi pé ẹrẹ̀ etí rẹ̀ ti sán. Àwọn méjèèjì jọ wà lókè lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè é lórí rédíò hẹlikópítà.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ri korobá sí ìsàlẹ̀ adágún lọ́hùn-ún o. Omi ti lọ, kùkùté igi wà lábẹ́ rẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú..."

"Gbé òwe ẹ jẹ́ẹ́, jẹ́ kí n ṣiṣẹ́."

Ibẹ̀ náà ló lọ, nítorí ibẹ̀ ló sún mọ́ iná jù.

Korobá wọ omi. Ó kún. Àṣá fà á sókè. Hẹlikópítà gbéra díẹ̀, ó sì dúró gbọnrangandan bí ewúrẹ́ tí okùn ọrùn rẹ̀ ti tán. Korobá ti há sáàárín igi.

Gbogbo awakọ̀ ló mọ ohun tó kàn níbí yìí: jù ú sílẹ̀. Kò gba ìrònú. Ṣùgbọ́n Àṣá kò rí adágún mọ́. Tábìlì oúnjẹ ló ń rí. Ó ń rí bí gbogbo ojú yóò ṣe yí sí òun, tí wọ́n á máa béèrè àlàáfíà àwọn ẹja lọ́wọ́ òun. Ó ní, "Láéláé!" Ó tún fà á. Ẹ wo ohun tí ọmọ aráyé ń kú lé lórí!

Imú hẹlikópítà tẹ̀ síwájú. Omi ń bọ̀ wá bá dígí. Aago ìkìlọ̀ ń ké létí rẹ̀. Ìgbà náà ló wá tẹ bọ́tìnì. Kò tú. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò tú. Ta ló mọ ìgbà tó ti bàjẹ́? Ta ló dán an wò?

Ó ku irin tí a ń fọwọ́ fà. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ibi tí irin náà wà mọ́. Ó ń wá a kiri bí ẹni tó ń wá kọ́kọ́rọ́ nínú òkùnkùn.

Ìjókòó kejì ṣófo. Ohùn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń dún létí rẹ̀, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jù ú! Ẹ jù ú sílẹ̀!" Ṣùgbọ́n ohùn kò ní ọwọ́. Ó rò ó pé: ta ló máa sọ fún ọmọ mi? Ó sì rò ó pé: níbo ni mò ń lọ báyìí? Kò sí èsì. Ibi tó yẹ kí èsì wà dákẹ́ rọ́rọ́. Mi ò rò pé ìdákẹ́jẹ́ kan burú tó ìyẹn.

Ọkùnrin tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí bá lanu, ó ké, "Jésù, gbà mí! Jésù o!"

Ìka rẹ̀ kan irin. Eérú iná ti mú kó le, kò fẹ́ gbà. Ó fi gbogbo ara fà á. Ìkọ́ tú. Hẹlikópítà fò sókè bí ẹran tó já okùn.

Ó bà sí etí adágún, ó pa ẹ́ńjìnnì. Kò lè tú bẹ́líìtì ìjókòó rẹ̀. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà bà lọ́ọ̀ọ́kán, ó fẹsẹ̀ rìn wá. Àṣá ń retí ọ̀rọ̀ ẹja. Kò gbọ́ ọ.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fara pa?"

Ó fẹ́ dá àpárá. Nǹkan mìíràn ló jáde. "Mi ò fẹ́ kí ẹ fi mí ṣẹ̀sín. Torí ìyẹn ni mo ṣe dì í mú."

"Ta ni ì bá ṣẹ̀sín níbi òkú yín?"

Àṣá bú sẹ́kún. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá a tú bẹ́líìtì, wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ gbígbẹ. Ó sọ fún un pé ọwọ́ kan kò gbé ẹrù dórí, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹni tó lè sọ ẹrù ẹ̀ṣẹ̀ ara rẹ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀. Pé Jésù ti kú nítorí rẹ̀, ó sì ń pe ẹni tí ẹrù ń pa. Níbẹ̀ ni Àṣá ti kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀ tó sán. Ó ní, "Jésù, mo jẹ̀bi. Má bínú sí mi. Gbà mí." Ọ̀rọ̀ tó há a lọ́fun látijọ́ wá jáde.

Ó pe ìyàwó rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ó ní, "Má bínú. Èmi ni mo jẹ̀bi."

 Ìyàwó náà ní, "Ta nìyí? Ṣé ara ẹ yá?"

Kò tíì padà wálé títí di bí mo ti ń kọ èyí, mi ò ní parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ó máa ń gbé fóònù fún ọmọ. Ọkùnrin náà sì ń bá Olúwa rẹ̀ sọ̀rọ̀ nínú yàrá yẹn, òun ẹni tí kò ní ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, mi ò mọ̀ ọ́. Bóyá wọ́n fún ọ lójú ọ̀nà ni, bóyá o he é nílẹ̀. Mi ò mọ̀ ọ́n sọ dáadáa, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ rẹ ló kàn ń bà mí. Kí lo dì mú? Ojú ta lo ń wò tí o kò fi lè jù ú sílẹ̀? Àwọn tí ò ń bẹ̀rù ẹ̀sín wọn kò ní bá ọ wọ kòtò. Wọ́n á sin ọ́, wọ́n á lọ jẹun.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Ikú kì í jẹ́ ká dán an wò kó tó dé. Jésù ń gbọ́. Tí o kò bá mọ àdúrà, kì í ṣe àdúrà gígùn ló ń wá. Ọkùnrin yẹn kò rí àyè gba àdúrà gígùn. Sọ fún un pé o jẹ̀bi, pé kó gbà ọ́. Bí ojú bá ń tì ọ́, sọ ọ́ jẹ́jẹ́. Ṣáà sọ ọ́ kí o tó ká ìwé yìí sínú àpò rẹ.