Ọta Karùn-ún

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo mọ obìnrin tó ṣẹlẹ̀ sí. Etí odò kan náà la ti jọ ń la ẹja, n kò sì gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, àfi tí wọ́n bá bi í léèrè ọjọ́ orí. Mo ti ṣí agolo tí ẹ máa gbọ́ nípa rẹ̀ wò fúnra mi. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kò sí ìjà láàárín wa.

Okalena ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún tí èyí ṣẹlẹ̀, ó gba iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ ní àgọ́ tí wọ́n ti ń ka ẹja lókè odò, níbi tí bàlúù kékeré máa ń já èèyàn méjì sí, tí kò ní padà wá gbé wọn títí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Colby lẹnì kejì rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin ará ìlú ńlá Anchorage, ẹlẹ́nu dídùn. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa gun ilé ìṣọ́ onírin tó wà létí omi ní wákàtí wákàtí, kó dojú kọ odò, kó máa ka ẹja sámọ́nì tó ń gòkè. Ẹni tó ń ka ẹja kì í wo ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn yẹn ni iṣẹ́ Okalena. Ibi tí ẹja bá pọ̀ sí, béárì, ẹranko ńlá onírun tó ń pa èèyàn, kò ní í jìnnà síbẹ̀.

Wassillie, ẹ̀gbọ́n ìyá Okalena, ló ti ń ṣe iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ náà fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹnì kankan kò kú lójú rẹ̀ rí. Ikọ́ ló pa á nígbà òtútù, lórí ibùsùn ara rẹ̀. Okalena ló wọ ẹ̀wù ìkẹyìn fún un. Bàbá náà ní àṣà kan: gbogbo ọta rẹ̀ ló ń fi ọ̀bẹ fín àgbélébùú kékeré sí nídìí. Méje ló ṣẹ́kù nínú wọn. Okalena kó méjèèje sí àpò ẹ̀wù òkú náà, wọ́n kan pósí pa, wọ́n sì sin ín sórí òkè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Ìbọn rẹ̀ nìkan ni kò bá a lọ. Okalena ló fi í sílẹ̀ fún.

Ẹ jẹ́ kí n yin ìbọn náà díẹ̀, nítorí ó tó yìn. Ìbọn pọ́ǹpù ni, èyí tí èèyàn ń fa igi ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn kó tó tì í síwájú, kí ọta mìíràn lè wọ ọ̀fun rẹ̀. Ẹnu rẹ̀ kúrú, kì í há mọ́ ẹ̀ka igi. Igi ìdí rẹ̀ ń dán níbi tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ Wassillie ti máa ń kàn án. Kò ní ọ̀ṣọ́ kankan. Ó ti bọ́ sódò rí, wọ́n fà á yọ, wọ́n gbọn omi rẹ̀ nù, ó sì dún. Ọta mẹ́rin ni ikùn rẹ̀ ń gbà, òjé kan ṣoṣo tó tó àtàǹpàkò nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀fun rẹ̀ máa ń ṣófo títí ìjà yóò fi dé. Ìloro ló ń sùn, lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, nítorí ìbọn tó bá ti inú òtútù wọ yàrá tó móoru yóò làágùn, èyí tó bá sì làágùn yóò dípẹtà. Láràárọ̀ ni wọ́n ń tú ọta inú rẹ̀ síta, wọ́n á kà á, wọ́n á nu ìbọn náà gbẹ, wọ́n á fi epo díẹ̀ pa á, wọ́n á sì dá ọta padà. Wassillie kò pa àárọ̀ kan jẹ rí.

Ilé iṣẹ́ tó gbà wọ́n fi ìbọn tuntun ránṣẹ́ pẹ̀lú wọn, èyí tó ń fúnra rẹ̀ kó ọta sọ́fun. Ojú Colby kò kúrò lára rẹ̀.

"Àǹtí, èyí ni kẹ́ ẹ gbé o. Kò sí wàhálà à ń fà á, à ń tì í. Ẹ kàn máa tẹ̀ ẹ́ ni. Gbà, gbà, gbà!"

"Tí iyanrìn odò yìí bá wọ̀ ọ́ lọ́fun, á ní ká jẹ́ kóun húkọ́ ná. Ṣé ìwọ lo máa bẹ béárì pé kó ní sùúrù?"

"Ẹ̀yin àgbà sáà fẹ́ràn nǹkan àtijọ́."

"Ta lò ń pè ní àgbà? Gbé omi tíì kaná, jàre."

Ẹnu ló fi sọ ọ́. Ẹ̀rù ń bà á nínú. Lọ́dún tó ṣáájú, béárì kan wọ ibi tí wọ́n ti ń sá ẹja. Okalena yìnbọn lẹ́ẹ̀kan, ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n, kò fa igi náà dé ìdí. Ìbọn há mọ́ ọn lọ́wọ́. Orí èjìká rẹ̀ ni Wassillie ti na ìbọn tirẹ̀ kọjá tó fi pa ẹranko náà.

"Ọwọ́ tó bá ń ṣàánú ìbọn, béárì ò ní ṣàánú ẹ̀," bàbá náà sọ fún un lọ́jọ́ yẹn. "Fà á bíi pé o fẹ́ fà á já. Tí ọta kan bá kọ̀, kò sí ẹjọ́. Fà á, jù ú nù, òmíràn ń bọ̀."

Láti ìgbà náà ni kò ti fọkàn tán ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Nísinsìnyí kò sí ẹni tí yóò na ìbọn kọjá lórí èjìká rẹ̀. Tí ọwọ́ náà bá tún dà á, Colby ni yóò kú.

Àárọ̀ kìíní ní àgọ́, kùrukùru bo odò. Lóṣù kẹfà, ilẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣú níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ bàìbàì kan ni yóò wà láti alẹ́ mọ́jú, tí ohun gbogbo yóò máa rí bí ohun tí wọ́n da eérú lé. Okalena tú ìbọn sórí tábìlì. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún.

Ó dúró. Mẹ́rin ló kó sí i. Ó rò pé òun ṣì í kà ni, ó ju ìkarùn-ún sínú agolo tíì tó ti ṣófo, ó dé e, ó sì nu ìbọn.

Àárọ̀ kejì, àrún. Ìkarùn-ún tutù. Àwọn yòókù kò tutù bẹ́ẹ̀. Ó gbé e lọ sójú fèrèsé, ó yí ìdí rẹ̀ síta. Àgbélébùú kékeré wà níbẹ̀. Ó ṣí agolo, ó wo ti àná. Àgbélébùú.

"Colby, irú eré wo lò ń bá mi ṣe?"

"Eré bíi ti báwo?"

"Ta ló ń kó ọta síbọn mi?"

"Èmi kọ́! Èmi tí mi ò lè ṣí agolo ẹ̀wà láìgé ara mi lọ́wọ́?" Ó ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí ojú Okalena, ó dìde. Ó gba ìbọn náà, ó kó mẹ́rin sí i, ó wá fi àtàǹpàkò ti ìkarùn-ún. Kò wọlé. Ó tì í títí èékánná rẹ̀ fi funfun. "Àǹtí, kò sáyè. Kò sí ibi tó lè wà."

Lálẹ́, àwọn méjèèjì jọ kà á. Mẹ́rin. Colby fi okùn so ìbọn mọ́ ìṣó, ó ta á ní kókó mẹ́ta. Láàárọ̀, kókó mẹ́ta wà níbẹ̀ bó ṣe ta á. Wọ́n tú ìbọn. Àrún. Colby kò ṣe àwàdà kankan lọ́jọ́ náà, kò sì jẹun dáadáa.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí. Ọ̀kan lóòjọ́, àgbélébùú nídìí, òtútù ilẹ̀ lára. Okalena ń kó wọn sínú agolo.

Lálẹ́ ọjọ́ karùn-ún, ìdákẹ́jẹ́ ló jí i. Ẹ̀fọn kò kùn. Odò fúnra rẹ̀ kò dún. Lẹ́yìn náà, ó gbọ́ ọ níta, ní ìloro: igi ọwọ́ ìbọn lọ sẹ́yìn, ó sì padà síwájú. Ṣàrà-ṣà. Ẹni tó fà á fà á dé ìdí, láìkánjú, láìṣojo. Okalena mọ ọwọ́ yẹn. Ó ti ń gbọ́ ọ láti kékeré. Àárò Wassillie sọ ọ́ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo orúkọ bàbá náà.

"Àǹtí," Colby sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ láti orí ibùsùn tirẹ̀ lábẹ́ fèrèsé. "Ẹ gbọ́ ọ?"

"Sùn."

"Ta ni?"

"Mo ní kó o sùn."

Wọn kò gbọ́ ìró ìbọn kankan. Odò tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Láàárọ̀ ọjọ́ keje, ó gbé ọta tútù náà sáàárín tábìlì, ó sì sọ ti pósí fún Colby.

"Méje lẹ kó sí i lápò?"

"Méje."

"Ìkeje sì rèé." Colby wo agolo náà, ó wo ilẹ̀kùn. "Ọ̀la ńkọ́?"

Okalena ju ọta náà sínú agolo, ó sì dé e.

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ jẹ́ ká lo tilé iṣẹ́. Ẹ fi eléyìí sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín."

"Èmi ni mo ni ín," Okalena wí.

Lọ́jọ́ kẹjọ, ó tú ìbọn. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Ó fi ìka wá inú ikùn ìbọn. Kò sí nǹkan kan. Ó nù ún gbẹ, ó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà, ó gbé e kọ́ èjìká, kò sì gbé e kalẹ̀ ní gbogbo àárọ̀ yẹn.

Aago méjì ọ̀sán kọjá díẹ̀. Kùrukùru ṣì wà. Colby sọ̀ kalẹ̀ láti orí ilé ìṣọ́, ìwé iye ẹja wà lábíyá rẹ̀. Àwọn ẹyẹ odò tó ti ń han láti àárọ̀ panu mọ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Colby. Dúró."

Ó dúró. Béárì náà jáde láti inú igbó kékeré ẹ̀gbẹ́ omi. Kò bú ramúramù. Èyí tó bá ń bú, ó kàn fẹ́ kí o sá fún òun ni. Èyí dákẹ́, ó rẹ etí mọ́lẹ̀, ó sì ń sáré bọ̀. Okalena wọ àárín ẹranko náà àti Colby. Ó fa ìbọn, ó tì í, ọta wọ ọ̀fun. Ó tẹ̀ ẹ́.

Kọ́.

Kò dún. Ọta ti kọ̀.

Ẹ̀yìn rẹ̀ tutù. Ó mọ̀ pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀. Ẹni náà ti wà níbẹ̀ fún ọjọ́ méje, lónìí kò sí. Ọwọ́ rẹ̀ fẹ́ gbọ̀n. Ó fa igi náà bí ẹni tó fẹ́ fà á já, ó fà á dé ìdí, ọta burúkú náà fò dànù. Ó tì í. Ìbọn ké. Ó fà á, ó tì í. Ó tún ké.

Béárì náà ṣubú, ó yọ̀ nínú ẹrẹ̀, imú rẹ̀ sì dúró síwájú wọn. Colby padà wá wọn ibẹ̀: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ péré ni sí ibi tí Okalena dúró.

"Àǹtí..."

"Má rìn. Dúró lẹ́yìn mi."

Wọ́n dúró títí ẹyẹ fi tún bẹ̀rẹ̀ sí í han. Ẹnu ìbọn náà kò mì. Inú mi ń dùn nígbàkígbà tí mo bá dé ibi yìí nínú ìtàn náà, nítorí mo mọ bí obìnrin yẹn ṣe ń bẹ̀rù tó.

Wọ́n yẹ ara ẹranko náà wò. Ihò òjé méjì ló wà lára rẹ̀, ti Okalena méjèèjì. Èékánná kan ti já kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ níwájú. Okalena ṣa ọta tó kọ̀, ó sì wọlé láti jù ú sínú agolo. Bó ti ṣí i, òórùn ẹ̀tù gbà á nímú. Méjèèje ti di ìkarahun. Wọ́n ti yìn wọ́n, ìdí kọ̀ọ̀kan ti tẹ̀ wọnú láàárín àgbélébùú, níbi tí abẹ́rẹ́ ìbọn ti gbá a. Èmi náà ti fi imú sí agolo yẹn, lẹ́yìn ọdún mọ́kànlá. Òórùn ìbọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn ló wà níbẹ̀.

Ohùn Colby ti ẹ̀yìn ahéré wá, kò ga. Okalena lọ bá a. Ó dúró lábẹ́ fèrèsé ibi tó ń sùn, ó ń wo ẹrẹ̀. Ipa ẹsẹ̀ béárì ti inú igbó wá dé abẹ́ fèrèsé, dé ibi tí apá lè na wọlé, ó sì ṣẹ́rí padà. Òmíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òmíràn tún wà lórí ìyẹn, àwọn kan ti gbẹ, àwọn kan ṣì rọ̀. Èékánná kan ló dín lẹ́sẹ̀ ọ̀tún nínú gbogbo wọn. Colby ń fi ìka tọ́ka sí wọn bó ṣe ń ka ẹja.

"Mélòó?"

"Ẹ má bi mí, Àǹtí."

"Mélòó, Colby?"

"Méje."

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Okalena tú ìbọn palẹ̀. Ó fi àkísà gba ẹnu rẹ̀ já, ó nu ẹrẹ̀ kúrò lára igi ìdí rẹ̀, ó fi epo díẹ̀ pa á, ó tò ó padà. Ó mú ọ̀bẹ, ó fín àgbélébùú sí ìdí ọta tuntun mẹ́rin, ó sì kó wọn wọ ikùn rẹ̀. Ó gbé e kọ́ orí ìṣó ní ìloro. Ó wọlé, kò sì sùn. Ó ń tẹ́tí.

Láàárọ̀, ó tú u sórí tábìlì. Ó kà á. Ó tún kà á. Ó jáde lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó sì sunkún bí kò ṣe sun ún lọ́jọ́ ìsìnkú.

Colby gbé tíì wá, ó sì jókòó tì í.

"Mélòó, Àǹtí?"

"Mẹ́rin."

Colby bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ kú ara fẹ́ra kù," ó wí.