Ọwọ́ Tí Ẹnikẹ́ni Kò Rán

Ọwọ́ ni alágbẹ̀dẹ wúrà náà kọ́kọ́ rí kó tó rí ojú: ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó gbé ẹyin síwájú iná kékeré nínú yàrá tó ṣú dùdù. Òrùka ló gbé wá fún ọ̀gá ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ pa ẹyin di ọmọ adìẹ, ó wá ṣèèṣì wọ yàrá tí kì í ṣe ti ọ̀gá.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn. Òkùnkùn ni mo fi ń ríran," ni ọmọbìnrin tó ni ọwọ́ náà wí. "Ẹ sún mọ́ mi, ẹ wò ó."

Láàárín iṣan wínníwínní, nǹkan pupa kan tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ ń lù: ọkàn ọmọ adìẹ. Orí alágbẹ̀dẹ wú.

"Ta ló ní kó máa lù?"

"Kò sẹ́ni tó rán an. Àbùdá tó jogún ló ń tì í lọ."

Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kì í fẹnu kan ẹyin di oníbàárà ẹyin. "Ṣé o ti jẹ ti ìjẹta tán ni?" ni ọmọbìnrin náà máa ń bi í, wọn a sì jọ rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ wọ ọ́ lára. Síbẹ̀, bó bá ti jáde, àpò ni ọwọ́ òsì alágbẹ̀dẹ ń gbé, títí di ọjọ́ tó yọ ọ́ síta han ọmọbìnrin náà. Ìka àárín àti ìka òrùka rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, bíi ti bàbá rẹ̀.

Ọmọbìnrin náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. "Nínú oyún, bẹ́ẹ̀ ni ìka gbogbo wa ṣe rí. Ẹran àárín wọn ló máa ń kú, kí ìka tó là. Tìrẹ kò kú ni."

"Kí ni àbùdá náà fẹ́ fi mí ṣe?"

"Kò fẹ́ fi ọ́ ṣe nǹkan kan, olówó orí mi. Àbùdá kì í gbèrò."

Ó dùn ún wọ egungun. Bàbá rẹ̀ ti sọ fún un láti kékeré pé ọwọ́ náà ní iṣẹ́ tó wá jẹ́. Ṣé lásán ló wá wà báyìí? Ó bínú lọ, kò padà wá ra ẹyin mọ́.

Ìyá ọmọbìnrin náà ló wá bá a ní ìsọ̀. "Ọmọ mi ń sunkún, ṣùgbọ́n n kò lè fi í fún ọ. Nǹkan kan kì í ṣẹlẹ̀ lásán. Ọwọ́ tó lẹ̀ báyìí, ìwà ahun ló ń wí. Àwọn ọmọ yóò sì jogún rẹ̀."

"Ìyá, wọ́n lè jogún rẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ yìí kò wí nǹkan kan. Kò sẹ́ni tó rán an."

Bó ti sọ ọ́ tán, ẹrù kan sọ̀ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lé e lọ náà ló dá a sílẹ̀ yìí. Ó ti ìsọ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Ìyá, ẹ bá mi ká lọ."

Wọ́n wọ yàrá òkùnkùn. Ọmọbìnrin náà gbé ẹyin síwájú iná. Ìyá wò ó títí.

"Ta ló kọ́ nǹkan yìí ní lílù?"

"N kò mọ̀, Ìyá. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, ojoojúmọ́ ló ń bà mí lẹ́rù."

Alágbẹ̀dẹ na ọwọ́ òsì rẹ̀ sínú ìmọ́lẹ̀. "Ẹnikẹ́ni kò rán an níṣẹ́. Ìwọ ni kó o rán an."

"Kó máa dì mí mú," ni ọmọbìnrin náà wí. Ó fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan yọ létí aṣọ rẹ̀ láti fi wọn ìka òrùka ọwọ́ náà. Okùn kò ká a.

Ìyá mú iná sún mọ́ wọn. "Wá èyí tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ," ló wí jẹ́jẹ́. "Ṣé o kò rí i pé ìka méjì ni?"