Kòtò Apá Ọ̀tún

Orí bẹ́ẹ̀dì tí kò ní fóòmù ni obìnrin kan ti kọ́kọ́ rí ọkùnrin náà. Ó nà gbalaja sórí igi, ó di ojú méjèèjì, ó fi etí kan lé pákó, ó sì ń yí síhìn-ín yí sọ́hùn-ún láàárín ṣọ́ọ̀bù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí gbayawu sí títì. Ìyẹ̀fun pákó ti fún irun orí rẹ̀ ní ewú tí ọjọ́ orí kò tíì fún un.

"Ẹ jọ̀wọ́," ni obìnrin náà wí, "ṣé ẹni tó ń sùn lẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́ gbé iṣẹ́ fún?"

Ọkùnrin náà la ojú. Láti ìsàlẹ̀ lọ sókè ni ó ti rí i: ẹsẹ̀ tí omi ọṣẹ ti bó, ọwọ́ kan tí ó di ìbàdí mú bí ẹni tí ń gbé ara rẹ̀ ró, àti ojú kan tí ó rẹwà, tí àárẹ̀ sì ti bá. Òórùn aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ bá a wọlé.

"N kò sùn. Mo ń gbọ́ ohun tó ń sọ ni," ni ó dáhùn bí ó ti ń dìde gìrì. "Bẹ́ẹ̀dì tó bá ṣì ń dún kò tíì parí."

"Kí ló wá sọ?"

"Ó ní oníbàárà kan ń bọ̀ tí ẹnu rẹ̀ mú."

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà dé àárín ọ̀nà, ó padà.

Káfíńtà ni ọkùnrin yìí, bẹ́ẹ̀dì nìkan ni ó sì ń kàn. Nítorí pé kì í jẹ́ kí iṣẹ́ kankan jáde lọ́wọ́ rẹ̀ títí igi rẹ̀ yóò fi dákẹ́, Má-Dún ni àwọn aládùúgbò ń pè é. Alágbàfọ̀ ni obìnrin náà. Láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ni ó ń dúró nídìí tábìlì tí ó ti ń lọ aṣọ, ẹ̀yìn sì ti ń dùn ún.

"Pákó pẹlẹbẹ kan ni mo fẹ́," ni ó wí, "èyí tí mo lè tì bọ abẹ́ fóòmù mi. Fóòmù rọ́bà ni, ó wúwo, ó sì ti bàjẹ́. Ó ti jìn."

"Níbo ló ti jìn?"

"Lápá ọ̀tún."

"Ṣé apá ọ̀tún lẹ̀ ń sùn sí ni?"

"Rárá. Òsì ni mo ń sùn sí, ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́, mo ti yí lọ sínú kòtò yẹn. Níbẹ̀ ni ẹ̀yìn ti ń dùn mí."

"Ẹni tó ń sùn lápá ọ̀tún ńkọ́?"

Obìnrin náà gbọn ìyẹ̀fun pákó kúrò lára aṣọ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìyẹ̀fun kankan níbẹ̀.

"Ó ti kú," ni ó wí.

Láti ọjọ́ náà ni aṣọ Má-Dún ti bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀tí lọ́nà ìyanu. Ọkùnrin tí ó máa ń fi ẹ̀wù kan ṣiṣẹ́ títí ẹ̀wù náà yóò fi lè dá dúró, òun ni ó wá ń gbé aṣọ lọ sọ́dọ̀ alágbàfọ̀ bí ẹni tí ó ní ọmọ púpọ̀ nílé.

"Ẹ̀wù yìí mọ́," ni alágbàfọ̀ wí, ó sì gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀.

"Ẹ wò ó dáadáa."

"Mo ti wò ó. Èmi ni mo fọ̀ ọ́ lánàá."

"Ó lè jẹ́ pé ìdọ̀tí rẹ̀ ń tijú ni."

Lọ́tẹ̀ yìí, ẹ̀rín náà kò padà lójú ọ̀nà. Ó jáde, ó sì ya ẹni tí ó ni ín lẹ́nu.

"Bọ̀dá, ẹ̀ ń fi ọṣẹ mi ṣòfò."

"Ẹ má pè mí ní bọ̀dá mọ́."

"Kí ni kí n máa pè yín?"

"Ohunkóhun tí ẹ bá ń pe ẹni tí ẹ kò fẹ́ kó tètè lọ."

"Ẹ máa lọ," ni ó wí, ó sì tẹ orí ba. Ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ rọ̀ bí aṣọ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ẹ̀yìn kò jẹ́ kí ó lè nàró. Má-Dún bá a níbi tí ó fara ti ògiri, ó mú un ní apá, ó sì sìn ín lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó fi àga fún un, ó wá fa bẹ́ẹ̀dì kan tí ó ń kàn lọ́wọ́ sún mọ́ ọn.

"Ẹ má ti pákó kankan bọ abẹ́ fóòmù yẹn. Fóòmù rọ́bà kì í ṣe agídí. Ohun tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí igi bá jìnnà síra, yóò rì sáàárín wọn. Bí ẹ bá sì fi odindi pákó dí abẹ́ rẹ̀ pa, kò ní í rí atẹ́gùn. Ooru ara yóò di omi, ìsàlẹ̀ rẹ̀ yóò sì máa bu bíi búrẹ́dì àná."

Obìnrin náà gbé ojú sí i. "Búrẹ́dì ni ọkọ mi ń ṣe," ni ó wí.

"Ẹ dárí jì mí. N kò mọ̀."

"Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ. Kò sí ẹni tó ń dárúkọ búrẹ́dì lójú mi mọ́. Ó sú mi bí wọ́n ṣe ń rọra ń sọ̀rọ̀."

"Ẹ fi ìka yín sáàárín igi méjì yìí."

Ó fi ìka mẹ́ta sí i. Wọ́n bá àyè náà mu géérégé.

"Bí ìka kẹrin bá lè wọlé, igi ti jìnnà jù nìyẹn." Ó gbé ìka tirẹ̀ kan lé e láti fi hàn pé kò sí àyè mọ́. Kò sí àyè lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìka náà kò tètè kúrò.

"Ẹ kàn án fún ẹnì kan," ni alágbàfọ̀ wí.

"Fóòmù yín fẹ̀ tó ti ẹni méjì. Mo gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ kan sí àárín gbùngbùn bẹ́ẹ̀dì náà, kó dúró lórí ilẹ̀ ṣinṣin. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò tún jìn."

"Èmi nìkan ni mo ń sùn lórí rẹ̀."

"Igi kò mọ̀ bẹ́ẹ̀," ni Má-Dún wí.

Ohun kan wà tí alágbàfọ̀ kò sọ fún un, nítorí pé kò mọ ọ̀nà tí ènìyàn fi í sọ ọ́. Òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Nígbà tí ọkọ wà láyé, òru ni ó fi ń po ìyẹ̀fun tí ó sì fi ń dúró ti iná. Ọ̀sán ni ó fi ń sùn. Ní ọ̀sán bẹ́ẹ̀, ìyá rẹ̀ a jókòó sí ojú fèrèsé, a sì máa kìlọ̀ fún gbogbo ẹni tí ó bá pariwo ní títì pé, "Ẹ rọra! Ọmọ mi ń sùn."

Ọmọ kò láyọ̀lé, ẹni ọmọ sin ló bímọ. Ìyá ni ó sin ọmọ nínú ilé yìí. Láti ìgbà náà, ní déédéé àkókò tí ọmọ rẹ̀ máa ń sùn, ìyá àgbà a wọ yàrá, a ti ilẹ̀kùn, a dùbúlẹ̀ sí etí kòtò náà, a sì na ọwọ́ sínú rẹ̀. Ìyàwó mọ̀, kò sì sọ ọ́ rí. Òun náà ń wọ inú kòtò náà lọ ní òru, ìyá àgbà kò sì mọ̀. Àwọn obìnrin méjì ń sunkún nínú kòtò kan ṣoṣo, ọ̀kan kò sì jẹ́ kí èkejì gbọ́.

Má-Dún kò mọ èyíkéyìí nínú rẹ̀ ní ọjọ́ tí ó wá wọn bẹ́ẹ̀dì. Ìyá àgbà ti lọ gba oògùn ojú ní ilé ìwòsàn. Ìyàwó wà nídìí áyọ́ọ̀nù lẹ́yìnkùlé. Ọkùnrin náà ṣe ohun tí káfíńtà gidi gbogbo ń ṣe: ó gbé fóòmù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, ó tẹ́ ẹ sórí ilẹ̀ tí ó dán ní pálọ̀, ó sì kó àwọn igi abẹ́ rẹ̀ jáde kí ó lè gbé wọn lọ ṣe ìwọ̀n. Àlàfo àárín wọn gba odindi ẹsẹ̀ àgbàlagbà. Nígbà tí ó fi wọn igun ìkẹyìn tán tí ó sì padà sí pálọ̀, fóòmù ti wú díẹ̀díẹ̀, ó ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Kòtò kò sí mọ́.

Inú rẹ̀ dùn bíi ti ọmọdé. "Ẹ wá wò ó o! Fóòmù yín kò bàjẹ́ rárá! Igi abẹ́ rẹ̀ ni kò gbé e!"

Ìyá àgbà ni ó kọ́kọ́ wọlé, àpò oògùn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Ìyá. Ẹ wò ó, ó ti dára."

Ìyá àgbà kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí apá ọ̀tún fóòmù náà, ó fi ọwọ́ wá síwájú, ó wá sẹ́yìn, bí ẹni tí nǹkan jábọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkùnkùn.

"Níbo lẹ gbé e sí?"

"Kí ni, Ìyá?"

"Ọmọ mi. Níbo lẹ gbé ọmọ mi sí?"

Igbe tí ó tẹ̀ lé e ni ó fa alágbàfọ̀ wọlé. Ó wo ìyá, ó wo fóòmù. Ojú rẹ̀ sì ṣófo bí ilé tí wọ́n ti kó ẹrù jáde nínú rẹ̀.

"Ẹ̀ bá bi mí," ni ó wí.

"Ẹ̀yìn yín ni mo rò pé..."

"Ẹ máa lọ."

Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn rẹ̀ kò rọ̀.

Ìyá àgbà sọ̀rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, láìgbé ojú sókè. "Ìyàwó mi, mo mọ ìdí tí aṣọ ọkùnrin yẹn kì í fi í mọ́. N kò fọ́jú tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí o bá tẹ̀ lé e, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sin ọmọ mi."

"N kò ní í tẹ̀ lé e, Màámi."

Ó fọ gbogbo aṣọ Má-Dún tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ̀ wọ́n, ó ká wọn, ó sì fi wọ́n rán aládùúgbò. Kò sí ìdọ̀tí kankan tí ó tijú sí ara wọn mọ́. Fóòmù wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀; ìyá àgbà kò wọ yàrá náà mọ́, ọ̀rọ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Alágbàfọ̀ wá ń gba ọ̀nà ẹ̀yìn lọ kó aṣọ fún àwọn oníbàárà, kí ó má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù kọjá.

Má-Dún kan bẹ́ẹ̀dì náà parí síbẹ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tí ó lè ṣe pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ó dùbúlẹ̀ lé e, ó fi etí sí i, igi sì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò tíì sí ìdákẹ́jẹ́ tí ó dùn ún tó bẹ́ẹ̀ rí.

Nígbà tí ó wá fẹ́ kó àwọn igi àtijọ́ tí ó ti gbé wá láti ilé àwọn obìnrin náà dànù ni ó rí ohun tí ó yẹ kí ó ti rí. Ó tò wọ́n sórí tábìlì. Igi apá orí tẹ́, ti apá ẹsẹ̀ náà tẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn ti àárín tẹ̀ sísàlẹ̀, gbogbo wọn lápá ọ̀tún, gbogbo wọn lójú kan náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì tẹ ọ̀kan kí ó lè nà. Bí ó ti jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà sí bí ó ti wà.

Ó jókòó tì wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú ayùn.

Ọ̀sán ni ó gbé àga kan tí ó fi àwọn igi náà kàn dé ilé àwọn obìnrin náà. Alágbàfọ̀ rí i láti ìdí tábìlì rẹ̀.

"Mo ní kí ẹ máa lọ."

"Mo ti lọ. Ìyá ni mo wá rí."

Ó gbé àga náà kalẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, ó sì tẹ orí ba. Ìyá àgbà yí ojú sí ògiri.

"N kò ní í jókòó lórí ohun tí ọwọ́ rẹ bá ṣe."

"Ọwọ́ mi kọ́ ló tẹ ìjókòó rẹ̀, Ìyá. Ọmọ yín ni. Fóòmù kì í tọ́jú àmì ẹnikẹ́ni. Bí a bá gbé e sí ilẹ̀ tó tẹ́, yóò gbàgbé. Igi abẹ́ rẹ̀ ló rántí. Mo gbìyànjú láti nà án, ó kọ̀ fún mi."

Ìyá àgbà yíjú padà. Ó pẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ tó kúrò lórí itan. Ó na ìka sí etí ìjókòó náà, ó rọra tẹ̀ lé igi bí ó ti ń lọ sílẹ̀, ó dé ibi tí ó jìn jùlọ, ó sì dúró níbẹ̀. Ó dìde. Ó jókòó sínú rẹ̀. Àga náà gbà á bí ẹni pé ó ti ń retí rẹ̀.

"Ó wúwo," ni ó wí.

"Ó wúwo, Ìyá."

"Láti inú oyún ló ti wúwo! Agbẹ̀bí ní ìbejì ni." Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu rẹ̀.

Bí ojú bá ń sunkún, a máa ríran. Inú omi ojú náà ni ìyá àgbà ti rí ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ kan ní ìbàdí, tí ó tẹ̀ bí arúgbó.

"Ìwọ náà ń wọ inú kòtò yẹn?"

"Lójoojúmọ́, Màámi."

"O kò sì sọ fún mi."

"Ẹ̀yin náà kò sọ fún mi."

Ìyá àgbà nu ojú, ó yíjú sí káfíńtà. "Bẹ́ẹ̀dì tuntun tí o kàn, ẹni mélòó ló lè gbé?"

Má-Dún wo ilẹ̀. Kì í ṣe òun ni ìdáhùn náà tọ́ sí, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Méjì, Màámi," ni alágbàfọ̀ wí. Ó gbé ojú sí káfíńtà. "Ẹni méjì ni."

Wọn kò pariwo ìgbéyàwó wọn. Ní ọ̀sán ọjọ́ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì nà sórí bẹ́ẹ̀dì náà, nítorí pé iṣẹ́ àti ayọ̀ ti rẹ̀ wọ́n. Obìnrin náà wà lápá òsì rẹ̀, kò sì yí lọ síbì kankan. Ọwọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ó lọ sí apá ọ̀tún bí ìṣe rẹ̀, ó wá kòtò, kò rí i. Ọwọ́ alààyè ni ó bá níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀ sórí ìrọ̀rí.

"Sunkún rẹ, àyànfẹ́," ni ọkọ rẹ̀ wí. "Mo wà níhìn-ín." Kò bi í léèrè ẹni tí ó ń sunkún fún. Ó di ọwọ́ náà mú, igi abẹ́ wọn kò sì dún.

Ní títì, àwọn ọmọ kan ń gbá bọ́ọ̀lù mọ́ ògiri. Àwọn ọmọ náà rí i tí ìyá àgbà yí díẹ̀ lórí àga ojú fèrèsé, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ ohùn ìkìlọ̀ rẹ̀ tí kò tíì dún ní títì láti ọjọ́ tí ikú ti wọ ilé náà.

"Ẹ rọra!" ni ó wí. "Àwọn ọmọ mi ń sùn."