Ẹnu Ìyá Télọ̀

Ojú méjì péré ni Télọ̀ kọ́kọ́ rí lára obìnrin tó máa fẹ́. Ìbòmú aláwọ̀ ewé bo imú àti ẹnu rẹ̀, fìlà ilé ìwòsàn bo irun rẹ̀ títí dé iwájú orí, àfi ojú náà tó ń wò ó láti òkè, tó mọ́ kedere, tí iná ń tàn yanran nínú rẹ̀. Télọ̀ ní tirẹ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja lórí àga ilé ìwòsàn eyín. Ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀, itọ́ ń ṣàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wú bí ẹni tó ki odidi búrẹ́dì sẹ́nu. Mi ò mọ ọkùnrin tó máa wù pé kí wọ́n kọ́kọ́ bá òun pàdé báyẹn.

Ti obìnrin náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kó tó mọ bí ojú ọkùnrin yìí ṣe rí, eyín rẹ̀ ló ti mọ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì eyín ni. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ilé ìwòsàn ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì bímọ kankan, torí kò sí aláìsàn tó máa kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ láìgba búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín.

"Kí lẹ ń fi eyín iwájú yìí ṣe?" ó béèrè, ó yọ irin kúrò kí ọkùnrin náà lè fèsì. "Etí rẹ̀ ti rí wọ́gọwọ̀gọ bíi ti ayùn."

"Òwú ni mo fi ń gé. Télọ̀ ni mí."

"Ẹ̀yin télọ̀ ò ní àlùmọ́gàjí mọ́ ni?"

"Ó wà. Eyín ló sún mọ́ mi jù."

Ó rẹ́rìn-ín. Télọ̀ ò rí ẹ̀rín náà, àmọ́ ó rí i bí ojú náà ṣe kéré sí i tó sì tún dán sí i, ìrora rẹ̀ sì fúyẹ́ díẹ̀. Nọ́ọ̀sì fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ìdí eyín ẹ̀yìn, ẹ̀jẹ̀ sun jáde.

"Kòkòrò ló wà nídìí eyín yín. Wọ́n ti pọ̀ jù, èrìgì yín sì ń bá wọn jà. Ìjà yẹn ló wú yìí."

Ó fọ ibẹ̀ mọ́, ó fún un ní búrọ́ọ̀ṣì, ó sì kọ ohun tó máa rà sórí ìwé pélébé kan: apakòkòrò, lẹ́ẹ̀mejì lóòjọ́.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn ló fa gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Èyí tó ń jẹ aṣọ nínú àpótí, kòkòrò là ń pè é. Èyí tí ojú ò lè rí tó wà nínú ẹnu, kòkòrò náà ni. Ohun tó ń pa tibí ni apakòkòrò, ohun tó ń pa tọ̀hún náà ni apakòkòrò. Télọ̀ dé ṣọ́ọ̀bù tó wà ní ìkangun òpópónà, ó béèrè apakòkòrò, ọlọ́jà na igò kan sí i, ó gbà á, ó lọ sílé. Ó kù díẹ̀ kó ṣí i ló rí àwòrán aáyán tó dojú sókè lára igò náà, ẹsẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lókè.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó padà sí ilé ìwòsàn pẹ̀lú igò nínú ọ̀rá.

"Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì," ó ní. "Mi ò fẹ́ ya aláìgbọràn. Ṣùgbọ́n kí n tó fi èyí fọ ẹnu, ẹ bá mi tún un wò dáadáa."

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì wo igò, ó wo aáyán, ó wo Télọ̀. Ló bá bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó sì ní láti yọ ìbòmú kó lè nu ojú. Báyìí ni Télọ̀ ṣe rí imú rẹ̀, tó rí ètè rẹ̀, tó tún rí ibi kékeré tó jin ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún. Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti lọ ra igò kejì.

"Ẹ̀bi mi ni," ó ní nígbà tó lè sọ̀rọ̀. "Ẹ wá, ẹ jẹ́ kí n fi wọ́n hàn yín."

Ó fi igi òwú ha ìdí eyín Télọ̀ díẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, ó tì í sábẹ́ awò tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Télọ̀ yọjú sí i. Àwọn kan rí roboto, àwọn kan rí bí ègé òwú, àwọn kan ń sáré kiri bí ẹni tó pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

"Gbogbo èyí, nínú ẹnu mi?"

"Nínú ẹnu gbogbo èèyàn. Nínú tèmi náà. Kì í sì í ṣe gbogbo wọn là ń pa. Àwọn kan ń gba àyè ibẹ̀ kí àjèjì má bàa rí ibi jókòó. Àwọn kan, tí wọ́n bá ti rí ṣúgà jẹ, wọ́n á sọ ọ́ di omi kíkan tó ń jẹ eyín. Àwọn tó ń dà yín láàmú, abẹ́ èrìgì ni wọ́n sá sí, níbi tí búrọ́ọ̀ṣì yín kì í dé. Bí ilé tó kún fún ayálégbé ni. A ò lè lé gbogbo wọn. Kí wọ́n má ṣáà ti pọ̀ jù, kí ibẹ̀ sì mọ́."

"Ó jẹ́ pé èmi ni onílé."

"Ẹ̀yin ni onílé tí kì í gbálẹ̀."

Láti ọjọ́ yẹn ni Télọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ìwúlé rẹ̀ ló mú un wá. Ọ̀sẹ̀ kejì, ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá òun ń di búrọ́ọ̀ṣì mú bó ṣe yẹ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, kò ní àwáwí kankan mọ́, ó kàn jókòó síbi tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, ó ń wo ilẹ̀kùn. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì náà gbé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù Télọ̀, ó ní kó bá òun dín in kù níbàdí. Aṣọ náà ò tóbi rárá. Télọ̀ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta.

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì rí i tó tún fẹ́ fi eyín já òwú, ó gbá a lọ́wọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó mú àlùmọ́gàjí kékeré kan wá, ó so ó mọ́ ọ̀já, ó gbé e kọ́ ọ lọ́rùn. "Kó lè sún mọ́ yín ju eyín lọ," ó ní.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ bọ́ lẹ́nu Télọ̀. Ó ń tẹ maṣíìnì lọ ni, kò gbójú sókè, ó ní, "Ṣé o ti jẹun?" Ó yẹ kó sọ pé "Ṣé ẹ ti jẹun?" Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ. Maṣíìnì dúró.

"Mi ò tíì jẹun," Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì dáhùn jẹ́ẹ́. "Ìwọ ńkọ́, ìfẹ́ mi?"

Wọn ò tún pe ara wọn ní ẹ̀yin mọ́.

Ṣùgbọ́n Télọ̀ ní ìyá, òun nìkan sì ni ìyá náà bí. Tíṣà àgbà ni, ogójì ọdún ló fi kọ́ ọmọdé ní ìwé kíkà àti ìwé kíkọ, ó sì ti fẹ̀yìn tì, àmọ́ báírò pupa ò tíì fẹ̀yìn tì lọ́wọ́ rẹ̀. Àtọ̀gbẹ ń bá a fínra. Egbò kan wà ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ti lo oṣù mẹ́ta láìjiná. Oògùn ń pọ̀ sí i, ṣúgà ò wálẹ̀, dókítà sì ti sọ ọ́ gbangba pé bó bá ń lọ báyìí, àwọn máa gé ọmọ ìka náà.

Ní ọjọ́ tí Télọ̀ mú ìyàwó àfẹ́sọ́nà rẹ̀ wọlé, inú ìyá dùn dẹ́yìn. Ó ti gé búrẹ́dì sílẹ̀, ó ti po tíì, ó sì pe àbúrò rẹ̀ obìnrin wá wo arẹwà. Ó fa ọmọbìnrin náà mọ́ra, ó sọ fún un létí pé, "Káàbọ̀, ìyàwó mi." Ibẹ̀ gan-an ni òórùn náà ti kọlu Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì. Ó mọ̀ ọ́n. Òórùn abẹ́ èrìgì tó ti ń jẹrà ni. Nígbà tí ìyá bu búrẹ́dì jẹ, ẹ̀jẹ̀ hàn lára búrẹ́dì náà.

Ẹni tó bá ti ń ṣe iṣẹ́ kan lójoojúmọ́, iṣẹ́ náà máa ń sọ̀rọ̀ gba ẹnu rẹ̀. "Mà," ó ní, "ó ti tó ìgbà wo tí èrìgì yín ti ń ṣẹ̀jẹ̀? Torí òórùn ẹnu yín yìí..."

Àbúrò ìyá gbé kọ́ọ̀bù sílẹ̀. Ìyá Télọ̀ dìde dúró.

"Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé mi lónìí," ó ní, "ló sọ fún mi níwájú àbúrò mi pé ẹnu mi ń rùn."

"Mà, kì í ṣe bẹ́ẹ̀..."

"Sìn ín jáde," ó sọ fún Télọ̀, ó sì wọ yàrá lọ.

Ọ̀rọ̀ náà dun Télọ̀ dé egungun. Ó bẹ ìyá rẹ̀ títí, ìyá ní kó fẹ́ ẹlòmíì tàbí kó fẹ́ ẹ láìsí òun níbẹ̀. Ó lọ bá Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì.

"Mi ò lè fẹ́ ẹ láìsí màmá mi níbẹ̀," ó ní. "Mi ò sì lè fẹ́ ẹlòmíì."

"Èmi náà ò fẹ́ ilé tí ìyá rẹ ò ti fẹ́ rí mi." Ó ń sunkún, kò sì fi pamọ́. "Ojú ara mi ń tì mí. Àmọ́ ohun tí mo rí, mo rí i. Tí wọ́n bá gé ìka ẹsẹ̀ wọn, tí mo sì ti mọ̀, kí ni màá wí?"

Ó jókòó, ó kọ lẹ́tà. Ó ní kí màmá forí jin òun, pé òun ṣi ibi tí wọ́n ti ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, òun sì ṣi bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Ó ní, "Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mi ò rí nǹkan kan torí pé mo fẹ́ ọmọ yín, a jẹ́ pé mi ò fẹ́ràn yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n wo enu yín, kì í ṣe dandan kó jẹ́ èmi."

Ọjọ́ kẹrin, Télọ̀ gbé lẹ́tà náà padà wá. Báírò pupa ti kún inú rẹ̀. Tíṣà àgbà ti fi gbogbo àmì ohùn tó gbàgbé sí i. Ó fa ìlà sábẹ́ "enu", ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ pé: "Ẹnu ni. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ló yẹ kó mọ̀ ọ́n kọ." Mẹ́fà nínú mẹ́wàá ló fún un. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó kọ ìbéèrè kan: "Kí ló kan ẹnu nínú ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀? Dáhùn ní kíkún."

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì dáhùn rẹ̀ ní ojú ìwé méjì, ó sì fi àmì sórí gbogbo ọ̀rọ̀. Ó ṣàlàyé pé èrìgì tó ń ṣẹ̀jẹ̀ dà bí ilẹ̀kùn tí kò tì dáadáa, pé kòkòrò àti oró wọn ń gba ibẹ̀ wọnú ẹ̀jẹ̀. Ara á máa bá wọn jà, ìjà náà kì í sì í jẹ́ kí ṣúgà wálẹ̀ bó ṣe yẹ. Ṣúgà tó ga á wá sọ èrìgì di aláìlágbára, kòkòrò á tún ráyè sí i, egbò ò sì ní tètè san. Ó ní, "Mi ò ṣèlérí pé ẹsẹ̀ yín á jiná tí a bá tọ́jú ẹnu yín. Mo kàn mọ̀ pé ọ̀tá kan ló ń ran ọ̀tá kejì lọ́wọ́, a sì lè lé ọ̀kan."

Lẹ́tà yẹn ò padà wá. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kí àwọn aláìsàn tó dé, ìyá Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló wọlé, ó ń tiro, ó gbá báàgì mọ́ àyà.

Ó jókòó sórí àga, ó sì ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Kí n tó fẹ̀yìn tì," ó ní, "àwọn ọmọ tó ń jókòó níwájú máa ń fi ìwé bo imú. Mo rò pé ẹ̀rín ni wọ́n ń fi pamọ́. Ọjọ́ tí o sọ̀rọ̀ yẹn ló yé mi. Ìyẹn ló jẹ́ kí n lé ẹ."

"Màmá, ẹ má sunkún."

"Mi ò sunkún. Ṣe iṣẹ́ rẹ."

Ó sì ń sunkún. Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì dúró dè é kó sunkún tán, ó wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ha àwọn ìdọ̀tí tó ti gan bí òkúta nídìí eyín rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, apá kan ẹnu lọ́jọ́ kan. Ìgbà mẹ́rin ni ìyá wá. Ó ń fọ eyín láàárọ̀ àti lálẹ́ bí ẹni tó ń múra ìdánwò, ó ń lo oògùn rẹ̀, ó sì dín ṣúgà inú tíì kù. Oṣù mẹ́ta kọjá. Dókítà ẹsẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní egbò ti ń pa ẹnu dé, kò sí ọ̀rọ̀ gígé mọ́. Ó ní òun ò lè sọ pé èrìgì nìkan ló ṣe é, àmọ́ òun ò ní sọ pé kì í ṣe ara rẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn, ìyá kọjá sí ilé ìwòsàn eyín. Télọ̀ ló dì í lọ́wọ́ mú. Ó ní kí Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì jókòó sórí àga tí àwọn aláìsàn ń jókòó sí, kó sì yọ ìbòmú.

"Ṣé ọmọ mi ti bi ọ́ léèrè ọjọ́ ìgbéyàwó?" ó wí.

"Wọ́n ní àwọn ń dúró de yín, mà."

"Ó dáa tó dúró." Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórí. "Mo bínú sí ẹ torí ẹnu yìí. Ìwọ lo sì tún un ṣe. Òun náà ni mo wá fi súre fún ẹ. Wàá wọ ilé mi láyọ̀. Wàá bímọ, wàá fi ọwọ́ ara rẹ kọ́ wọn ní fífọ eyín. O ò ní fi ojú sunkún ọkọ, ọmọ mi ò ní fi ojú sunkún ìyàwó."

Ìyá Búrọ́ọ̀ṣì gbé ojú sókè sí i. Omijé ń bọ́ sórí aṣọ iṣẹ́ rẹ̀. Télọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó dì í lọ́wọ́ mú.

Tíṣà àgbà tẹ̀ ẹ́ lágbọ̀n díẹ̀.

"Ó yá," ó ní. "Ìwọ náà la ẹnu, kí o ṣe àmín."